Àgbàrá Òjò Ò Ní Òun Ò Nílé Wó: Bí Àpáta Ṣe Ń Di Yanrìn, àti Ìdí Tí Òkè àti Etíkun Fi Ń Yẹ̀

Nínú oṣù Kẹta ọdún tó kọjá, màmá mi pè mí lórí fóònù. Kí n tó kí wọn tán ni wọ́n ti bú sẹ́rìn-ín. "Bá mi dúpẹ́ o, mo ti ra ilẹ̀!" Ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè kan nílùú Ìbàdàn. Owó àjọ ọdún mẹ́rin ni wọ́n kó lé e. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí owó ilẹ̀ náà ò fi wọ́n tó ti àwọn yòókù. Wọ́n ní ẹni tó tà á ti gbé katapílà wá, ó ti gé ẹsẹ̀ òkè náà, pé ibẹ̀ ti tẹ́jú bíi pápá bọ́ọ̀lù báyìí.

Àyà mi já. Iṣẹ́ másításì ni mò ń ṣe lọ́wọ́ nínú ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta, èyí tí wọ́n ń pè ní jiọ́lọ́jì. Odidi sáà kan la fi kọ́ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí èèyàn bá gé ẹsẹ̀ òkè. Àmọ́ báwo lèèyàn ṣe fẹ́ sọ ìyẹn fún ìyá rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín?

Àlàyé tí mo padà ṣe fún wọn ni mo fẹ́ ṣe fún yín lónìí. Ẹ fara balẹ̀, torí ohun tó lè wó ilé kan n'Ìbàdàn àti ohun tó ń gbé ilé mì l'Ayétòrò, ìbátan ni wọ́n.

Òkúta náà ń jẹrà

Àwa Yorùbá fẹ́ràn láti fi àpáta ṣe àpèjúwe ohun tí kì í yẹ̀. Lójú ẹni tó ń lo ọgọ́rin ọdún láyé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo Olúmọ l'Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá forí pamọ́ sí ní 1830. Ẹ wo àwọn òkè Ìdànrè tó ga fíofío. Giránáìtì àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni wọ́n. Irú òkúta yìí kì í dì lójú ayé. Abẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti ń dì, ní ọ̀pọ̀ kìlómítà nísàlẹ̀, láti ara òkúta gbígbóná tó yọ́ bí epo. Tiwa yìí dì ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn. Tí òkúta tó dì sísàlẹ̀ báyẹn bá wá wà lókè tí à ń gùn ún lónìí, ohun tó bò ó mọ́lẹ̀ nígbà náà ti lọ nìyẹn. Níbo ló lọ?

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọ̀nà tí òkúta ń gbà jẹrà pọ̀, ẹ jẹ́ ká mú mẹ́ta tó ṣe kókó.

Àkọ́kọ́ ni pé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Bí èèyàn bá jókòó sórí fóòmù tó wá dìde, fóòmù náà á wú padà. Òkúta náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ilẹ̀ tó bò ó ṣe ń lọ, ó ń na ara, àmọ́ torí pé ó le, nínà ọ̀hún ń mú un sán ní ìpele-ìpele bí èèpo àlùbọ́sà. Ìdí nìyẹn tí orí àwọn òkè Ìdànrè fi rí roboto bí orí apárí. Ẹni tó bá ti gun ibẹ̀ á ti rí àwọn pẹlẹbẹ òkúta tó ti bó lára òkè, tí wọ́n kàn wà níbẹ̀ tí wọ́n ń dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa yọ̀ lọ sísàlẹ̀.

Ìkejì ni oòrùn àti gbòǹgbò. Oòrùn ọ̀sán á mú ojú àpáta gbóná janjan, òjò ìrọ̀lẹ́ á dé lójijì, á tutù. Nínà àti súnkì yìí, lójoojúmọ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ń la òkúta. Èso igi kékeré á wá bọ́ sínú ibi tó sán, á hù, gbòǹgbò á máa fẹ̀ ẹ́. Ẹ ti rí igi ọdán tó hù sára ògiri ilé àtijọ́ rí, àbí? Ohun tó ń ṣe fún ògiri ló ń ṣe fún àpáta.

Ìkẹta ló lágbára jù nílẹ̀ tiwa, òun ni iṣẹ́ tí omi òjò ń ṣe. Bí òjò ṣe ń rọ̀, ó ń gba kábọ́nì dáyọ́ksáìdì láti inú afẹ́fẹ́. Bó bá wọ ilẹ̀, ó tún ń gba púpọ̀ sí i lára èémí gbòǹgbò àti kòkòrò. Omi náà á wá kan díẹ̀, kò kan tó omi ọsàn wẹ́wẹ́ rárá, àmọ́ kò sí ohun tó ń lé e. Ó ní mílíọ̀nù ọdún lọ́wọ́. Ooru ilẹ̀ wa sì ń mú iṣẹ́ náà yá.

Amọ̀, ilẹ̀ pupa, àti yanrìn

Giránáìtì kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ máa rí àwọ̀ mẹ́ta ó kéré tán: funfun tàbí pupa rúsúrúsú, dúdú tó ń tàn, àti èyí tó dà bíi gíláàsì. Eléyìí tó funfun tàbí tó pupa rúsúrúsú ni feldspar. Omi kíkan yẹn ń sọ ọ́ di amọ̀, irú amọ̀ tí àwọn ìyá wa fi ń mọ ìkòkò. Àwọn dúdú ní irin nínú. Irin náà ń dógùn-ún nínú ilẹ̀ bí irin ìlẹ̀kùn yín ṣe ń dógùn-ún. Ọ̀gún irin yẹn ló kun ilẹ̀ wa ní pupa.

Èyí tó dà bíi gíláàsì ni quartz. Omi kíkan ò rí i ṣe. Bí feldspar ṣe ń rọ̀ tí irin ń dógùn-ún, quartz kàn ń bọ́ sílẹ̀ ní horo-horo. Horo wọ̀nyẹn là ń pè ní yanrìn. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ sọ́kàn, a máa padà bá a létí òkun.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ẹ̀rí, ẹ lọ bá ẹni tó ń gbẹ́ kànga. Á sọ fún yín pé òkè pátápátá jẹ́ ilẹ̀ pupa, lẹ́yìn náà ló máa bá amọ̀ tó ní àwọ̀ oríṣiríṣi, funfun, pupa, àti ìyeyè. Tó bá tún gbẹ́ sí i, á bá ohun kan tó jọ òkúta pátápátá, tó ṣì ní gbogbo àwọ̀ giránáìtì lára, àmọ́ téèyàn lè fi ọwọ́ lásán rún un. Òkúta tó ti jẹrà lórí ìdúró nìyẹn. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ti máa bá èyí tó le tí dígà ò lè wọ̀. Láwọn ibì kan nílẹ̀ Yorùbá, ohun tó jẹrà yìí jìn tó mítà mẹ́wàá, ogún, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, òkè tí màmá mi ra ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í ṣe àpáta tó le látòkè délẹ̀. Erùpẹ̀ àti òkúta jíjẹrà ló bò ó.

Ẹ bu gààrí wá

Kí ló ń mú kí erùpẹ̀ lè dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè láìbọ́? Ẹ bu gààrí gbígbẹ kún ife kan, kẹ́ ẹ máa dà á díẹ̀díẹ̀ sójú kan lórí àtẹ. Òkìtì á máa ga. Tó bá dé ibì kan, bẹ́ ẹ bá dà á sí i, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ya lọ sísàlẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ á sì padà sí bó ṣe wà. Ẹ tún dà á, á tún ya. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà tí kò lè kọjá. Ti yanrìn gbígbẹ jẹ́ nǹkan bíi dígírì 34.

Ohun tó ń dì í mú ni bí horo ṣe ń ha mọ́ horo. Ohun tó ń fà á lọ sísàlẹ̀ ni ìwúwo ara rẹ̀. Ìjà àwọn méjèèjì yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa. Bí àdìmú bá borí, òkè dúró. Bí ìwúwo bá borí, ilẹ̀ yẹ̀, bí ìgbà tí ẹsẹ̀ èèyàn bá yẹ̀.

Ilẹ̀ gidi ní ìrànlọ́wọ́ méjì tí gààrí ò ní. Amọ̀ inú rẹ̀ ń so ó pọ̀, gbòǹgbò igi sì ń rán an mọ́ra bí òwú. Ìdí nìyẹn tí ògiri ilẹ̀ tí katapílà gé fi lè dúró ṣánṣán fún oṣù mẹ́fà, téèyàn á sì máa rò pé ó ti dúró nìyẹn.

Ó yá, ẹ fi ìka wa díẹ̀ kúrò ní ẹsẹ̀ òkìtì gààrí yẹn. Ṣé ẹ rí i pé òkè ló ti ya, kì í ṣe ibi tẹ́ ẹ fọwọ́ kàn? Ẹsẹ̀ òkè ló gbé òkè dúró.

Omi díẹ̀ dára, omi púpọ̀ ń kọ́?

Gbogbo ẹni tó ti fi yanrìn etíkun kọ́lé rí mọ̀ pé yanrìn gbígbẹ ò ṣeé mọ, pé ó gbọ́dọ̀ tutù díẹ̀. Omi díẹ̀ ń mú horo fa ara wọn mọ́ra. Àmọ́ bí omi bá kún gbogbo àlàfo tó wà láàárín horo, nǹkan méjì ló máa ṣẹlẹ̀.

Ìwúwo á pọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì jẹ́ mítà 18 sí 18, ká wá mú erùpẹ̀ tó jìn ní mítà méjì péré. Bí àlàfo inú rẹ̀ bá jẹ́ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, tí omi sì kún un láti gbígbẹ, ohun tí òjò fi kún ẹrù ibẹ̀ ń lọ sí tọ́ọ̀nù 194. Típà mẹ́wàá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé nǹkan bí ogún tọ́ọ̀nù, ló dúró sórí òkè yẹn tí ẹnikẹ́ni ò rí wọn.

Ìkejì ló burú jù. Omi tó há sáàárín horo ń ti wọ́n kúrò lára ara wọn. Àdìmú tó yẹ kó máa bá ìwúwo jà ń dín kù lákòókò tí ìwúwo ń pọ̀. Ìdí nìyẹn tí òkè kì í sábà yẹ̀ ní àkọ́rọ̀ òjò. Ìgbà tí òjò bá ti rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, tí ilẹ̀ ti mu àmuyó, tí òjò ńlá kan tún wá dé, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ sá.

Àpẹẹrẹ tí n kì í gbàgbé ni ti ìlú Freetown ní Sàró. Ní kùtù òwúrọ̀ ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ 2017, lẹ́yìn òjò ọjọ́ mẹ́ta, apá kan òkè Sugar Loaf ya wálẹ̀ ní àdúgbò Regent. Wọ́n ti gé igbó ibẹ̀, ilé sì ti gun òkè náà. Àwọn tó kú àtàwọn tí a ò rí mọ́ lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń sùn lọ́wọ́. Regent yìí wà lára àwọn abúlé tí wọ́n tẹ̀dó fún àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú láyé àtijọ́, àwọn ọmọ Yorùbá sì pọ̀ láàárín àwọn bẹ́ẹ̀ ní Sàró. Kì í ṣe ìlú àjèjì sí wa.

Kì í ṣe gbogbo òkè ló ń yára báyẹn. Òmíràn ń rìn bí ìgbín, ìwọ̀nba mìlímítà díẹ̀ lọ́dún. Ẹ ò ní rí i bó ṣe ń rìn, àmọ́ ẹ máa rí ìpasẹ̀ rẹ̀: igi tí ìdí rẹ̀ tẹ̀ bíi kọdọrọ kó tó nà ró sókè, òpó iná tó fẹ̀gbẹ́ kan, fẹ́ǹsì tó ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo rí lórí ilẹ̀ màmá mi

Mo wọ mọ́tò lọ s'Íbàdàn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ibi tí wọ́n gé ga tó mítà mẹ́rin, ó dúró ṣánṣán bí ògiri. Mo gòkè lọ. Àwọn igi méjì tẹ̀ nídìí. Lórí ilẹ̀ lókè ibi gígé náà, mo rí ibi tó sán, ó tẹ̀ bí oṣù tuntun, ìka mi wọ inú rẹ̀. Nísàlẹ̀, omi ń sun lára ògiri ilẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ òjò ò tíì rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Mo jókòó ti màmá mi, mo bu gààrí sórí àtẹ. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ṣé ìwé tí mo fowó rán ẹ lọ kà ló ní kí n má kọ́lé?" N ò mọ èsì tí mo lè fọ̀. Ẹni tó ta ilẹ̀ ní òun ò ní dá owó padà, pé gbogbo èèyàn ló ń gé òkè.

Ohun tá a rí ṣe ni pé a yí ilé náà síwájú, a fi mítà mẹ́jọ sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti ibi gígé. Yàrá mẹ́ta di méjì. A sanwó fún àwọn lébírà, wọ́n gé ògiri ilẹ̀ náà ní ìpele bí àtẹ̀gùn dípò kó dúró ṣánṣán. A gbẹ́ gọ́tà sókè láti darí omi òjò gba ẹ̀gbẹ́, a sì gbin koríko tí gbòǹgbò rẹ̀ ń wọlẹ̀ jìn. Ẹnjiníà kan tó jẹ́ ojúlùmọ̀ ọ̀gá mi wá wò ó, ó ní a ṣì máa nílò ògiri ìdádúró, àti pé ẹ má ṣe kọ́ irú rẹ̀ láìdá ihò sí i lára, torí omi tó bá há sẹ́yìn rẹ̀ ló máa tì í ṣubú. Owó ìyẹn ò tíì sí.

Nínú oṣù Kẹsàn-án, lóru ọjọ́ kan, ògiri ilẹ̀ ẹni tó múlé ti wa, tí wọ́n gé lọ́jọ́ kan náà, ya wọ inú ilé ìdáná wọn. Ewúrẹ́ méjì ló kú. Èèyàn ò sí níbẹ̀ lóru, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Yanrìn dé etí òkun

Erùpẹ̀ tó bá yẹ̀ kò dúró sísàlẹ̀ òkè. Àgbàrá á gbá a sínú odò. Amọ̀ fúyẹ́, á lọ jìnnà. Quartz wa á máa yí lọ nísàlẹ̀ odò. Èyí tó bá bọ́ sínú odò Ògùn l'Abẹ́òkúta á forí lé Èkó, àmọ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò ní dé òkun: inú ọ̀sà ló máa rì sí, níbi tí omi ò ti yára mọ́.

Ibo wá ni yanrìn etíkun Èkó ti ń wá? Láti ìwọ̀-oòrùn ni. Ìgbì Àtìláńtíìkì ń wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, kì í kọlu etíkun wa gán-an, ó ń fẹ̀gbẹ́ kọ lù ú. Bí ìgbì bá gùn wá, ó ń ti yanrìn síwájú díẹ̀ sí ìlà-oòrùn. Bí omi bá ń padà, á sọ̀ kalẹ̀ tààrà. Ìgbì mìíràn á tún dé, á tún tì í. Láti etíkun Gánà gba Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ wá sí Èkó, yanrìn tó ń rìn báyìí lọ́dún kan pọ̀ débi pé tá a bá fẹ́ fi típà kó o, á ju típà 40,000 lọ.

Ẹ ronú nípa àwọn lébírà tó tò, tí wọ́n ń na búlọ́ọ̀kù síra wọn láti ọwọ́ dọ́wọ́. Bí ẹnì kan láàárín bá dáwọ́ dúró, búlọ́ọ̀kù á kó jọ sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó wà níwájú rẹ̀ á ṣì máa na èyí tó wà lọ́wọ́ wọn, títí ọwọ́ wọn á fi ṣófo. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí etíkun wa nìyẹn. Wọ́n parí ìdídò Akósómbò lórí odò Fọ́ltà ní 1965, yanrìn tí odò yẹn ń kó wá sí òkun há sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n kọ́ èbúté Kútọnu àti ti Lómé láwọn ọdún 1960, yanrìn kó jọ síwọ̀-oòrùn wọn, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìlà-oòrùn wọn, títí dé Aného.

Tiwa l'Ékòó ti pẹ́ ju ìyẹn lọ. Láàárín 1908 sí 1912, ìjọba amúnisìn kó òkúta sínú òkun ní ẹnu ọ̀nà èbúté kí ọkọ̀ ojú omi lè rọ́nà wọlé. Yanrìn kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn. Ní ìlà-oòrùn, etíkun Bar Beach fà sẹ́yìn ju kìlómítà kan lọ kó tó di 1960. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń da yanrìn síbẹ̀ tí òkun ń kó o, kó tó di pé wọ́n mọ odi ńlá tó dáàbò bo Eko Atlantic. Ìbéèrè tí àwọn ará abúlé etíkun tó wà ní ìlà-oòrùn odi náà ń béèrè ni pé, àwọn ńkọ́? Ẹni tó bá ti ronú nípa ìtò búlọ́ọ̀kù mọ̀ pé ìbéèrè gidi ni.

Ayétòrò nílẹ̀ Ìlàjẹ, tí wọ́n tẹ̀dó ní 1947, yàtọ̀ díẹ̀. Etíkun ibẹ̀ kì í ṣe yanrìn, ẹrẹ̀ ni. Ẹrẹ̀ ò ní horo tó wúwo tó lè bá ìgbì jà, ilẹ̀ náà rẹlẹ̀, omi òkun ayé sì ń ga sí i. Ilé, ilé-ìwé, àti itẹ́ òkú ti wọ inú òkun níbẹ̀. Ẹni tó ṣí ilé rẹ̀ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, ibo ló kù tó máa ṣí i lọ?

Kẹ́ ẹ tó sanwó

Àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Bẹ́ ẹ bá ń ra ilẹ̀, tàbí àwọn òbí yín ń rà á, ẹ lọ wò ó lẹ́yìn òjò ńlá, kì í ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan. Ẹ gun òkè rẹ̀. Ẹ wo ìdí igi, ẹ wo òpó, ẹ wá ibi tó sán tó tẹ̀ bí oṣù. Ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ òkè, bóyá omi ń sun. Bẹ́ ẹ bá rí méjì nínú ìwọ̀nyí, ẹ pe ẹnjiníà kẹ́ ẹ tó pe lọ́yà.

Ilé màmá mi ti dé ibi òrùlé báyìí. Òjò ńlá rọ̀ n'Íbàdàn lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó rọ̀ mọ́jú. Mo fẹ́ pè wọ́n láàárọ̀, àmọ́ àwọn ló kọ́kọ́ pè mí. Wọ́n ní, "Mo ti gòkè lọ wo gọ́tà mi. Ewé dí i lójú kan, mo ti kó o. Ibi tó sán yẹn ò fẹ̀ sí i." Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bi mí bóyá mo ti jẹun.